Síláìdì Di Tákàdá ní Apo

Àwọn àgbà a máa sọ pé ojú ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹni tí ń fi síláìdì kọ́ni gba òwe yìí gbọ́ ju ẹnikẹ́ni lọ: ohun gbogbo tí ó fẹ́ sọ, ara ògiri ni ó ń tàn án sí. Ṣùgbọ́n bí iná mọ̀nàmọ́ná bá lọ, ọ̀rọ̀ di ti tákàdá nìyẹn.

Ní Apo, ní Àbújá, ọgbà àwọn mẹkáníìkì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀. Bẹ́ẹ̀, àwọn alátẹ̀wé náà wà níbẹ̀, nínú ṣọ́ọ̀bù kéékèèké, pẹ̀lú kọ̀ǹpútà, ẹ̀rọ fọ́tókọ́pì àti jẹnẹrétọ̀ lẹ́yìnkùlé. Ẹ wo olùkọ́ Yorùbá kan tí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi fáìlì PowerPoint ránṣẹ́ sí láti Ìbàdàn nípa ímeèlì, síláìdì 40 lórí àmì ohùn. Aago mẹ́sàn-án ni iṣẹ́ yóò bẹ̀rẹ̀. Aago mẹ́jọ ti lù.

Fáìlì ṣí, kò sì ṣeé tẹ̀. Alátẹ̀wé ní ó ti bàjẹ́. Kò bàjẹ́ o! Kọ̀ǹpútà ni kò fọkàn tán ohun tí ó ti inú ímeèlì wá. Ó ń dúró kí ènìyàn tẹ ibi tí a kọ Enable Editing sí. Lẹ́yìn èyí, bí a kò bá ṣọ́ra, síláìdì kọ̀ọ̀kan yóò gba odidi tákàdá kan, owó sì ni alátẹ̀wé ń kà lé ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí a bá yan Handouts, tí síláìdì 6 wà lójú ewé kan, tákàdá 40 di 7. Bí ó bá jẹ́ 3 ni a yàn, ilà yóò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn tí akẹ́kọ̀ọ́ lè kọ nǹkan sí. Èyí ni ó dára jù fún kíláàsì. Ilẹ̀ síláìdì tí ó dúdú bí èédú ńkọ́? Arẹwà ni lára ògiri, ajẹyíǹkì ni lórí ìwé.

Ohun ìyanu ni pé ìwé títẹ̀ gan-an ni wọ́n tìtorí rẹ̀ ṣe PowerPoint. Ilé iṣẹ́ Forethought ní Amẹ́ríkà, níbi tí Robert Gaskins àti Dennis Austin ti ṣe é, gbé e jáde ní 1987 fún kọ̀ǹpútà Macintosh. Dúdú àti funfun nìkan ni. Títẹ̀ ni wọ́n ń tẹ̀ ẹ́, kí wọ́n tó dà á sórí ọ̀rá tí ń mọ́ gaara. Àwọn àgbà olùkọ́ kò ní gbàgbé ọ̀rá yẹn. Ní ọdún kan náà ni Microsoft ra Forethought ní mílíọ̀nù 14 dọ́là.

Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀rọ̀ ti dun Yorùbá jù ni ti àmì. Bí irú lẹ́tà tí a lò ní Ìbàdàn kò bá sí nínú kọ̀ǹpútà Apo, kọ̀ǹpútà a fi òmíràn dípò rẹ̀. Àmì ohùn a ṣí kúrò lórí fáwẹ́lì, tàbí kí àpótí kékeré òfìfo jókòó sí ipò ẹ. Ọkọ́ tí àgbẹ̀ fi ń roko, ọkọ̀ tí mẹkáníìkì ń tún ṣe, ọkọ ìyàwó, gbogbo wọn lè di ọ̀kan náà lórí ìwé. Kí ni olùkọ́ àmì ohùn yóò wá kọ́ni? Ọwọ́ ẹni tí ó fi fáìlì ránṣẹ́ ni àtúnṣe wà: kí ó ti sọ ọ́ di PDF láti ilé, nítorí PDF a máa gbé lẹ́tà tirẹ̀ dání.

Kí olùkọ́ náà tó dìde, ó yẹ kí ó jáde kúrò nínú ímeèlì rẹ̀, kí ó sì pa fáìlì rẹ́ kúrò nínú kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù, pàápàá bí ìbéèrè ìdánwò bá wà lára síláìdì. Ẹni tí yóò jókòó tẹ̀lé e lórí àga yẹn lè jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀.