"O" àti "Ẹ" ní Mississippi

Ó di ẹ̀ẹ̀kẹta tí mo wo In the Heat of the Night kí n tó fetí sí bí wọ́n ṣe ń pe ara wọn. Òyìnbó kò ní "ẹ". Ọ̀rọ̀ kan náà tí wọ́n fi ń bá ọba sọ̀rọ̀ ni wọ́n fi ń lé ajá. Bí wọ́n bá wá fẹ́ rí èèyàn fín, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n ń gbà: wọ́n á pe orúkọ baba ọlọ́mọ lásán, tàbí kí wọ́n sọ ọ́ di "ọmọ yìí".

Fíìmù 1967 ni, Norman Jewison ló darí rẹ̀. Wọ́n pa òyìnbó olówó kan lóru ní ìlú kékeré kan ní Mississippi. Ọlọ́pàá rí ọkùnrin dúdú kan tó jókòó jẹ́ẹ́ tó ń dúró de rélùwéè, ó mú un. Owó wà nínú àpò rẹ̀, ọ̀gá ọlọ́pàá ò sì gbà pé ẹni dúdú lè fi òógùn ojú rí irú owó bẹ́ẹ̀. Àṣé ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ láti Philadelphia ni. Sidney Poitier ló ṣe é. Nígbà tí ọ̀gá ọlọ́pàá fi orúkọ rẹ̀, Virgil, ṣe yẹ̀yẹ́, tó bi í pé kí ni wọ́n ń pè é lọ́hùn-ún, ó fìbínú dáhùn pé Ọ̀gbẹ́ni Tibbs ni.

Lẹ́yìn náà, bí Tibbs àti ọ̀gá ọlọ́pàá ṣe jọ ń wá apànìyàn náà, wọ́n lọ bá Endicott, olóko òwú, nínú ilé gíláàsì tó ń gbin òdòdó sí. Ká ní Yorùbá ló ń sọ ni, "ẹ" ni ì bá fi bẹ̀rẹ̀, torí ó gbà wọ́n tẹ̀ríntẹ̀rín. Ẹnu ẹ̀rín yẹn náà ló fi sọ pé òdòdó òun dà bí àwọn ènìyàn dúdú, pé ó ń fẹ́ ìtọ́jú. Ìgbà tó rí i pé òun gan-an ni Tibbs ń fura sí, ó fọ́ ọ létí. Ọwọ́ rẹ̀ ò tíì sọ̀ kalẹ̀ tán tí Tibbs fi fọ́ tirẹ̀ náà.

Ẹ̀gbọ́n mi tí a jọ ń wò ó fò sókè lórí àga, wọ́n ní kí n dá a padà sẹ́yìn. Ojú tèmi wà lára ìránṣẹ́ Endicott, àgbàlagbà dúdú tó gbé àwo ohun mímu dání. Henry lásán ni wọ́n ń pè é.

Poitier kọ̀ láti lọ ya fíìmù náà ní Mississippi. Ìdí ni pé ní 1964, nígbà tí òun àti olórin Harry Belafonte gbé owó lọ fún àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ ní Greenwood, àwọn Ku Klux Klan, ẹgbẹ́ òyìnbó tó kórìíra ènìyàn dúdú, lé wọn lójú ọ̀nà. Ìpínlẹ̀ Illinois ni wọ́n ti ya èyí tó pọ̀ jù. Ní April 1968, wọ́n sún ayẹyẹ Oscar síwájú ní ọjọ́ méjì torí pé wọ́n pa Martin Luther King. Fíìmù yìí ló gba ẹ̀bùn tó ga jù, Rod Steiger tó ṣe ọ̀gá ọlọ́pàá sì gba ti òṣèré ọkùnrin. Orúkọ Poitier kò tilẹ̀ sí lára àwọn tí wọ́n yàn.

Ní òpin, ọ̀gá ọlọ́pàá bá Tibbs gbé báàgì dé ibùdó rélùwéè, ó sì ní kó máa tọ́jú ara rẹ̀. Bí mo bá ń tú u sí Yorùbá, ṣé "ẹ" ni kí n fi sí i lẹ́nu, àbí "o" ti ọ̀rẹ́ sí ọ̀rẹ́? Mo bi ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n ní kí n kọ́kọ́ wá èyí tí Tibbs máa fi bá baba tó gbé àwo dání sọ̀rọ̀.