Súìtì Mọ́mì

Ìdákẹ́jẹ́ ló ta mí lólobó. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti tọ́ ọmọ ọdún mẹ́ta rí mọ ohun tí mò ń wí: bó bá ń pariwo, ẹ máa bá iṣẹ́ yín lọ, bó bá dákẹ́, ẹ yáa dìde. Ọkà ni mò ń rò lọ́wọ́. Mo fi orógùn sílẹ̀ nínú ìkòkò, mo sáré wọ yàrá. Ọmọbìnrin mi jókòó sílẹ̀ níwájú dígí, ọ̀rá kékeré kan wà láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀, ètè àti ìka rẹ̀ pupa fòò. Ó gbójú sókè, ó rẹ́rìn-ín sí mi.

"Mọ́mì, mo jẹ súìtì yín."

Ìyá ọkọ mi wà lọ́dọ̀ wa nígbà náà, wọ́n wá bá wa wẹ ọmọ tuntun. Màmá ń lo oògùn ìtọ̀ ṣúgà àti ti ẹ̀jẹ̀ ríru, inú báàgì wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí ni gbogbo rẹ̀ sì máa ń wà. Ká má parọ́, báàgì yẹn lọkàn mi kọ́kọ́ lọ. Mo ti ya ẹnu kí n tó rí i pé ọ̀rá tèmi ni. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ni, hóró pupa tí wọ́n ń fún aláboyún. Ẹ̀gbẹ́ páúdà ọmọ ni mo máa ń gbé e sí kí n má baà gbàgbé. Ohun tí Màmá náà ń ṣe kọ́ nìyẹn?

Kí a tó jáde nílé, aládùúgbò wa kan ti gbé ife epo pupa dé. Ìfẹ́ ló fi ṣe é, ìyá tèmi náà ìbá ṣe bẹ́ẹ̀, àmọ́ bàbá ọmọ kò gbà.

Nígbà tí a dé ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì bi wá: kí ló jẹ, mélòó, láti aago mélòó? Mo na ọ̀rá sí wọn. Ohun tí wọ́n fi báírò kọ sára rẹ̀ kò ju "1 × 1" lọ. Orúkọ oògùn kò sí níbẹ̀, iye tó kù kò sì sí lórí mi. Dókítà ní irin tó wà nínú rẹ̀ ló ń dá ẹ̀jẹ̀ padà sára ìyá, ṣùgbọ́n tó bá pọ̀ nínú ọmọdé, á bó inú rẹ̀ títí tá á fi máa bì, nígbà mìíràn pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀. Ibi tó burú sí ni pé èébì náà lè dáwọ́ dúró lẹ́yìn wákàtí mélòó kan, kí ọmọ máa ṣeré, kí ẹ rò pé ó ti tán, kó sì jẹ́ pé ẹ̀dọ̀ ló kàn. Torí náà wọ́n ní ká sùn síbẹ̀. Wọ́n sì dúpẹ́ lọ́wọ́ bàbá ọmọ nítorí epo: ohun tí a bá fipá mú ọmọ bì lè ṣìnà wọ ẹ̀dọ̀fóró. Ó tún wá burú jù tó bá jẹ́ kẹrosíìnì ló mu, èyí tí àwa fúnra wa máa ń rọ sínú ike omi, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ike agbo tí a fi ọtí rẹ.

Ọmọ ò bì, kò sì ṣe nǹkan kan. Nígbà tí ọkọ mi gbálẹ̀ láàárọ̀, ó rí hóró mẹ́jọ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì tí ọmọ ti lá ara wọn mọ́. Ṣúgà ni wọ́n fi ń bo oògùn náà. Ó lá adùn rẹ̀ tán, ó kan ìkorò, ó tutọ́.

Ní ọdún 1967, ní ìlú Windsor ní Kánádà, dókítà ọmọdé kan, Henri Breault, tí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ tó ń jẹ oògùn ti sú, ṣe agbátẹrù ìdérí tó jẹ́ pé èèyàn gbọ́dọ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kó tó yí i. Amẹ́ríkà ṣòfin lé irú ìdérí bẹ́ẹ̀ ní 1970. Síbẹ̀, nínú ìdánwò tí wọ́n fi ń yẹ̀ ẹ́ wò, bí ọmọ 20 nínú 100 tí kò tíì pé ọdún 5 bá ṣí i láàárín ìṣẹ́jú 10, ó ṣì yege. Ìdérí gidi nìyẹn o. Kókó ni mo ta sí ẹnu ọ̀rá tèmi.

Àwọn àgbà ní ọmọdé ò moògùn, ó ń pè é lẹ́fọ̀ọ́. Tèmi pè é ní súìtì. Ta ló kọ́ ọ? Nígbàkigbà tí ara rẹ̀ bá gbóná, èmi ni mò ń mú ṣíbí dání tí mò ń sọ pé, "Wá lá súìtì."

A ra àpótí onígi kan àti àgádágodo. A ò kàn gbé e sókè, torí ọmọ tó bá rí ibi tẹ́ ẹ gbé nǹkan sí ti mọ àga tó máa fà. Màmá kọ̀ lákọ̀ọ́kọ́. "Ṣé olè lọmọ ni?" Ẹ̀rù ìgbàgbé ló ń bà wọ́n, mo mọ̀. A wá so kọ́kọ́rọ́ mọ́ báàgì Bíbélì wọn; tí àdúrà òwúrọ̀ bá ti parí, oògùn ló kàn.

Lọ́jọ́ kan ọmọ náà dúró tì wọ́n. "Màmá, kí lẹ ń jẹ?" Tẹ́lẹ̀, "súìtì àgbà" ni wọn ì bá wí.

"Oògùn mi ni. Kì í ṣe tìẹ."

"Ẹ jẹ́ n wò ó."

Kó tó sọ̀rọ̀ tán, Màmá ti yí kọ́kọ́rọ́.