Adírẹ́sì Tí Ó Ní Ẹnu, Tí Kò Ní Etí

Láyé àtijọ́, bí ọba kan bá fi àrokò ránṣẹ́ sí ọba ẹgbẹ́ rẹ̀, ìránṣẹ́ tí ó gbé e lọ a máa dúró gba èsì. Akéde tí ń lu agogo kiri ìlú kì í dúró ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tí ó gbọ́ ọ ni ó mọ ọ̀nà ilé baálẹ̀ tí ó rán an níṣẹ́. Lóde òní, àwọn ilé-iṣẹ́ ti ní akéde mìíràn: adírẹ́sì ímeèlì tí ń fọ̀rọ̀ ránṣẹ́, tí kì í gba ọ̀rọ̀. Noreply ni wọ́n sábà máa ń pè é, ìyẹn ni pé “má fèsì”.

Kò ṣòro láti ṣe, nítorí pé ọ̀tọ̀ ni ọ̀nà tí ímeèlì ń gbà jáde, ọ̀tọ̀ ni èyí tí ó ń gbà wọlé. Ìlànà SMTP, tí Jon Postel kọ sílẹ̀ ní ọdún 1982, ni ó ń gbé lẹ́tà láti sáfà kan dé òmíràn. Àkọsílẹ̀ tí a ń pè ní MX ni ó ń tọ́ka sí sáfà tí yóò gba lẹ́tà tí ń bọ̀ wálé. Bí ilé-iṣẹ́ kan kò bá fẹ́ kí orúkọ ìkànnì kan gba lẹ́tà rárá, yóò fi àmì ìdánudúró kan ṣoṣo rọ́pò orúkọ sáfà níbẹ̀. Ọdún 2015 ni ìlànà RFC 7505 fi ìdí èyí múlẹ̀. Lẹ́tà tí a bá kọ síbẹ̀ yóò padà sọ́dọ̀ ẹni tí ó kọ ọ́. Èyí sàn. Èyí tí ó burú ni ti sáfà tí ó gba lẹ́tà wọlé, tí ó sì dà á nù láìsọ fún ẹnikẹ́ni.

Àwọn ilé-iṣẹ́ ní àwíjàre. Báńkì tí ń fi ìsọfúnni ránṣẹ́ nígbàkúùgbà tí owó bá wọlé tàbí tí ó jáde kò lè fi òṣìṣẹ́ jókòó ti gbogbo èsì.

Ṣùgbọ́n agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹ wo ìyá oníṣòwò tí ímeèlì sọ fún lóru pé owó ti kúrò nínú àkáǹtì rẹ̀, tí kì í sì í ṣe òun ni ó gbà á. Ìsọfúnni tí ó wà níwájú rẹ̀ ni yóò fèsì sí. Yóò kọ ọ́ pé òun kọ́, ọkàn rẹ̀ yóò sì balẹ̀ pé òun ti fẹjọ́ sùn. Kò sí ẹni tí yóò kà á. Kí ó tó dé báńkì lọ́jọ́ kẹta, olè ti rí àyè ná owó náà.

Àtúnṣe rẹ̀ kò wọ́n. Àyè kan wà nínú ímeèlì tí ń jẹ́ Reply-To, tí a fi lè darí èsì sí adírẹ́sì tí ènìyàn ń kà. Bí wọn kò bá fẹ́ ìyẹn, kí wọ́n kọ nọ́ńbà tẹlifóònù sí òkè lẹ́tà gàdàgbà, kí ó má jẹ́ ìsàlẹ̀ níbi tí ojú kò dé. Kí ẹ̀yin òǹkàwé náà wo adírẹ́sì kí ẹ tó fèsì. Bí ẹ bá rí noreply, ẹ fi í sílẹ̀, kí ẹ pe nọ́ńbà tí ó wà lẹ́yìn káàdì ATM yín lójú ẹsẹ̀.