Ológbò, Ẹmọ́ Òyìnbó àti Wáyà Tó Là Wọ́n Láàárín

Ní pálọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Ìbàdàn, àgò onípákó kan wà lórí tábìlì wúwo tó fẹ̀yìn ti ògiri. Káfíńtà àdúgbò ló kàn án. Pákó ni ìsàlẹ̀ rẹ̀, torí pé wáyà a máa dá egbò sí àtẹ́lẹsẹ̀ àwọn tó ń gbé inú rẹ̀. Wáyà ni iwájú àti òkè, ihò rẹ̀ sì kéré débi pé ìka ọmọńdinrín mi kò lè kọjá níbẹ̀. Ìkọ́ irin méjì ló di ilẹ̀kùn mú, nítorí ológbò tó bá tẹra mọ́ ọn lè fi ọwọ́ ṣí ìkọ́ kan. Ẹmọ́ òyìnbó méjì ló wà nínú àgò yìí, abo ni àwọn méjèèjì. Àwọn ọmọ ilé sọ ọ̀kan ní Àgbàdo, wọ́n sọ èkejì ní Ẹ̀wà. Jẹ́jẹ́, ológbò ilé, wà lórí àga tó dojú kọ wọ́n.

Ẹni tí kò bá rí ẹmọ́ òyìnbó rí lè pè é ní ehoro tí etí rẹ̀ kò gùn. Ara rẹ̀ rí rogodo, kò sí ìrù lẹ́yìn rẹ̀, àgbà rẹ̀ kì í sì sábà ju kílò kan lọ púpọ̀. Ẹ̀gbẹ́ orí ni ojú rẹ̀ wà, kó lè máa rí ọ̀tá lọ́tùn-ún lósì. Eyín rẹ̀ kì í yé gùn, ìdí nìyẹn tó fi ń rún koríko látàárọ̀ dalẹ́. Agbègbè òkè Andes ní Gúúsù Amẹ́ríkà ni ìran rẹ̀ ti wá, níbi tí wọ́n ti ń sìn ín fún jíjẹ láti ọ̀pọ̀ ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn. Ara rẹ̀ kò lè dá fítámì C ṣe, gẹ́gẹ́ bí tiwa náà kò ṣe lè ṣe é, nítorí náà ẹ̀gbọ́n mi máa ń gé tàtàṣé pupa fún wọn láràárọ̀. Bí ọ̀rá tàtàṣé bá ti dún báyìí, súfèé á sọ nínú àgò, fíì, fíì, àwọn méjèèjì á nàró sí wáyà.

Ẹ̀rù wọn ni kì í ní ariwo. Bí òjìji bá kọjá lójijì, wọ́n á dúró gbagidi, kò ní sí irun kan tó máa mì lára wọn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á já wọ inú àpótí kékeré tí ẹ̀gbọ́n mi fi sí igun, àpótí tó ní ẹnu méjì kí ẹnikẹ́ni má baà há wọn mọ́ ibẹ̀. Ẹmọ́ òyìnbó tí ìpayà bá mú lè kọ oúnjẹ, bí kò bá sì jẹun fún odindi ọjọ́ kan, ikú ti sún mọ́ ọn. Ológbò tó jókòó ti àgò láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ lè ṣe wọ́n léṣe láìfọwọ́ kàn wọ́n.

Ẹ wá wo Jẹ́jẹ́ fúnra rẹ̀. Ó ti jẹ ẹja tán, ó ti lá ọwọ́, ó dà bíi pé ó ti sùn. Ẹ̀wà mi koríko díẹ̀. Etí Jẹ́jẹ́ ló kọ́kọ́ yí síbẹ̀, kí orí tó tẹ̀ lé e. Ọmọlójú rẹ̀ fẹ̀ títí àwọ̀ ìyeyè ojú rẹ̀ fi ku fẹ́ẹ́rẹ́ ní ẹ̀gbẹ́. Èjìká rẹ̀ wálẹ̀, ìdí rẹ̀ ń mì díẹ̀díẹ̀, ṣóńṣó ìrù rẹ̀ ń já sọ́tùn-ún sósì. Èékánná márùn-ún wà ní ẹsẹ̀ iwájú kọ̀ọ̀kan, mẹ́rin ní ti ẹ̀yìn, gbogbo wọn pamọ́ sínú awọ. Yíyó kò dá a dúró, nítorí ọdẹ ṣíṣe kò dúró lórí ebi fún ológbò.

Ológbò yìí kan náà ni gbogbo ilé ń yìn ní kíṣìnì. Bó bá pa èkúté, orí ẹja ni èrè rẹ̀, ó sì tọ́ sí i: irú èkúté kan ló ń gbé ibà Lassa kiri, àìsàn tí wọ́n kọ́kọ́ dá mọ̀ ní ìlú Lassa, ní Borno, lọ́dún 1969. Tó bá wá dé pálọ̀, a ní kó má ṣe ohun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ yìn ín fún. Àwa la mọ ìyàtọ̀ láàárín èkúté àti ẹmọ́ òyìnbó. A kò lè di ẹ̀bi ru Jẹ́jẹ́.

Àwọn kan á ní bí wọ́n bá jọ dàgbà pọ̀, ìjà á tán. Òótọ́ wà níbẹ̀. Lọ́dún 1930, Zing-Yang Kuo, onímọ̀ ìhùwàsí ẹranko láti ilẹ̀ Ṣáínà, gbé ìwádìí kan jáde. Nínú ọmọ ológbò 21 tó dàgbà síbi tí wọ́n ti ń rí i bí ológbò mìíràn ṣe ń pa eku, 18 ló di apeku. Nínú 18 tó bá eku gbé láti kékeré, mẹ́ta péré ni. Ṣùgbọ́n mẹ́ta yẹn ló ń bà mí lẹ́rù. Ta ló lè wo ojú ológbò rẹ̀ kó mọ̀ pé kò sí lára wọn?

Ìdí nìyí tí ẹ̀gbọ́n mi kì í ṣí àgò láì kọ́kọ́ gbé Jẹ́jẹ́ jáde kí wọ́n sì ti ilẹ̀kùn pálọ̀. Wọn kì í jẹ́ kí oògùn èkúté wọlé rárá, torí èkúté tó bá jẹ ẹ́ lè kó o ran ológbò. Mo fara mọ́ gbogbo rẹ̀.

Bí eyín tàbí èékánná ológbò bá kan ẹran kékeré yín, ẹ má wo bí ojú egbò ṣe kéré tó. Kòkòrò Pasteurella wà lẹ́nu ológbò, ó sì lè pa irú ẹran bẹ́ẹ̀ láàárín ọjọ́ kan sí méjì. Ẹ gbé e lọ bá dókítà ẹran lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ̀yin ará Ìbàdàn, ilé ìwòsàn ẹranko wà ní Yunifásítì Ìbàdàn.