Òṣíẹ̀lẹ̀ àti Igi Àgbáyun

Bí ènìyàn bá wọ mọ́tò ní Kútọ̀ l'Abẹ́òkúta, tí ó kọrí sí ọ̀nà Ìbàdàn, yóò dé Òṣíẹ̀lẹ̀ kí ó tó kan Ọ̀dẹ́dá. Ilẹ̀ àpáta ni, ilẹ̀ ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo ni pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìjọba Àpapọ̀ tí a ti ń kọ́ àwọn olùkọ́ wà níbẹ̀, Abẹ́òkúta fúnra rẹ̀ sì ń fẹ̀ bọ̀ wá bá a. Ilé ń lé igbó sẹ́yìn.

Níbi tí igbó bá ti ń lọ báyìí, àgbáyun a máa bá a lọ. Ẹ̀yin ìyá àgbà mọ̀ ọ́n dáadáa. Ẹ bi àwọn ọmọ-ọmọ yín bóyá wọ́n rí i rí. Igi kékeré ni. Ewé rẹ̀ a máa tutù t'òjò t'ẹ̀ẹ̀rùn; èso rẹ̀ pupa, kò ju orí ìka lọ, kóró kan ṣoṣo ni ó sì ní. Adùn tirẹ̀ kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fi ra ahọ́n, tí ó wá mu ògì kíkan tàbí tí ó lá ọsàn wẹ́wẹ́, oyin ni yóò pè é, fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí wákàtí kan. Bí a bá sè é, agbára rẹ̀ bàjẹ́. Ẹnu nìkan ni ó sì ń tàn o! Kíkan náà ṣì ń bọ̀ wá bá ikùn, nítorí náà kí ẹni tí inú ń ta ṣọ́ra. Kì í ṣe oògùn àtọ̀gbẹ. Kìkì pé a lè fi mu ògì láì bu ṣúgà sí i.

Ará Faransé kan, Chevalier des Marchais, ti kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ láti ìhà wa ní 1725. Ní 1968, Kenzo Kurihara àti Lloyd Beidler yọ ohun tí ó ń ṣe iṣẹ́ ìyanu náà nínú rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Lónìí wọ́n ń gbìn ín fún títà ní Florida àti ní Taiwan, wọ́n sì ń lọ̀ ọ́ di oníhóró bí oògùn. Èyí dùn mí, nítorí igi ilẹ̀ wa ni.

Gbígbìn rẹ̀ kò le, sùúrù ni ó gbà. Kóró tí ó bá gbẹ ti kú. Ẹ jẹ èso náà, ẹ fọ kóró rẹ̀, kí ẹ sì gbìn ín lọ́jọ́ náà sínú agolo oníhò, nínú ilẹ̀ dúdú tí ewé jíjẹrà pọ̀ nínú rẹ̀, lábẹ́ ibòji. Ó lè pẹ́ tó oṣù kan tàbí méjì kí ó tó hù, ó sì lè gbà tó ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin kí ó tó so. Eérú ààrò tí ẹ ń dà sídìí ẹ̀fọ́ kò gbọdọ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, nítorí ilẹ̀ kíkan ni ó fẹ́. Àfọ́kù sìmẹ́ńtì náà kò bá a lára mu. Láti Novẹ́ńbà títí òjò yóò fi padà, ẹ máa bomi rin ín.

Ẹni tí ó bá ra ilẹ̀ ní Òṣíẹ̀lẹ̀, kí ó mú àgbà oko kan dání yí i ká kí katakata tó wọ̀ ọ́. Bí àgbáyun bá wà níbẹ̀, kí ó so aṣọ pupa mọ́ ọn, kí wọ́n má baà hú u.