Láti Èkó dé Ouidah lórí kẹ̀kẹ́ ológeere: ilẹ̀ tẹ́jú, ọ̀nà kò tẹ́jú

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ Yorùbá tó ń gbé ní Rosettenville, àdúgbò kan ní ìhà gúúsù ìlú Johannesburg lórílẹ̀-èdè South Africa, ló bi wá ní ìbéèrè kan tó tọ́ kí a dáhùn ní gbangba. Ó ní kẹ̀kẹ́ ológeere ni òun fi ń ṣeré ìdárayá ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, ṣùgbọ́n gígun òkè ti sú òun. Bí òun bá wálé lópin ọdún, òun fẹ́ gun kẹ̀kẹ́ láti Èkó gba etí ọ̀sà lọ sí Badagry, kí òun sì ré kọjá sí Kútọnu àti Ouidah lórílẹ̀-èdè Benin. Ohun tó fẹ́ mọ̀ kò ju méjì lọ: ṣé ọ̀nà náà ṣe é gùn, àti pé ṣé ó tó ohun tí ènìyàn ń tìtorí rẹ̀ làágùn?

Ìbéèrè kejì rọrùn láti dáhùn: ó tó bẹ́ẹ̀, ó tilẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ti àkọ́kọ́ ló gba àlàyé.

Ọ̀pọ̀ nínú wa nílé mọ orúkọ Rosettenville nítorí ìròyìn burúkú oṣù kejì ọdún 2017, nígbà tí àwọn ará àdúgbò dáná sun àwọn ilé kan tí wọ́n ní wọ́n ń lò fún òwò egbòogi olóró àti aṣẹ́wó, tí ọ̀rọ̀ náà sì kan àwọn ọmọ Nàìjíríà tó ń gbé níbẹ̀. Ṣùgbọ́n a tún mọ ibẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àdúgbò tí àwọn Potogí láti erékùṣù Madeira àti láti Mozambique tẹ̀dó sí. Ìlú Johannesburg ga tó nǹkan bí 1,750 mítà sókè ju ojú òkun lọ, òkun Durban sì jìnnà sí i tó nǹkan bí 500 kìlómítà. Kò yani lẹ́nu bí ẹni tó ń gbé lórí òkè bẹ́ẹ̀ bá ń lálàá ọ̀sà. Àwọn Potogí kan náà ló sì fún etí ọ̀sà tiwa ní orúkọ tí ayé fi mọ̀ ọ́n: àwọn ló pe Èkó ní Lagos, àwọn náà ló pe Àjàṣẹ́ ní Porto-Novo.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí ilẹ̀ fúnra rẹ̀. Láti Èkó títí dé Lomé, kò sí òkè. Ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, iyanrìn ni púpọ̀ nínú rẹ̀, òkun wà ní gúúsù, ọ̀sà àti adágún omi wà ní àríwá. Láwọn ibì kan, ẹni tó dúró lórí títì á máa fi etí kan gbọ́ ìgbì òkun, á sì máa wo ọkọ̀ apẹja lórí ọ̀sà ní òdìkejì.

Ṣùgbọ́n ilẹ̀ pẹrẹsẹ ní ìyà tirẹ̀. Ẹni tó gun òkè á sọ̀ kalẹ̀ lódìkejì, ẹsẹ̀ rẹ̀ á sì sinmi. Lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kò sí ìsọ̀kalẹ̀. Bí ẹsẹ̀ bá ti dúró, kẹ̀kẹ́ náà á dúró. Atẹ́gùn ló rọ́pò òkè níbẹ̀. Láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn ló ti ń fẹ́ wá lọ́pọ̀ ìgbà, pàápàá bí ọ̀sán bá ti pọ́n, ẹni tó sì ń ti Èkó lọ sí Ouidah á fi àyà kò ó. Lóòótọ́, afẹ́fẹ́ etí òkun nípọn ju ti Johannesburg lọ, èémí kò sì ní wọ́n arákùnrin wa yìí. Ṣùgbọ́n ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ náà kì í jẹ́ kí òógùn tètè gbẹ lára, ooru á sì mú un ju bó ṣe rò lọ. Iyọ̀ òkun kò sì mọ ojúure: bí a kò bá fi omi tó mọ́ fọ ṣéènì kẹ̀kẹ́ lálẹ́, kí a sì fi òróró pa á, kò ní pẹ́ dípẹtà.

Èmi àti àbúrò kan níbi iṣẹ́ wa ni a jọ gba ọ̀nà yìí lásìkò ọyẹ́, ọjọ́ mẹ́ta ni a sì fi ṣe é. Ìdájí ọjọ́ Àìkú ni a kúrò ní erékùṣù Èkó, nítorí pé ìgbà náà ni ọkọ̀ máa ń dín kù. Láti ibẹ̀ dé Badagry, tí àwọn onílé ń pè ní Àgbádárìgì, jẹ́ nǹkan bí 60 kìlómítà. Láti nǹkan bí ọdún 2009 ni iṣẹ́ ti ń lọ láti sọ títì náà di ọlọ́nà mẹ́wàá, tí ojú irin sì gba àárín rẹ̀ kọjá. Reluwé Aláwọ̀ Búlúù bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò láti Marina dé Mile 2 ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023. Ohun rere ni. Àmọ́ níbi gbogbo tí a gbà kọjá, a kò rí ààyè kankan tí a yà sọ́tọ̀ fún ẹlẹ́kẹ̀kẹ́. Ọkọ̀ àjàgbé tó ń ti èbúté bọ̀, dánfó tó ń yà lójijì láti gbé èrò, ọ̀kadà tó ń gba òdì ọ̀nà bọ̀, etí títì kan náà ni gbogbo wọn ń dù. Òkè kì í pa ènìyàn. Tánkà epo tó kọjá ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà méjì sí ìgbúnwọ́ ẹni lè pa á.

Nígbà tí a dúró ra àgbọn lẹ́bàá ọ̀nà kí a tó wọ Àgbádárìgì, ìyá tó ń tà á wò wá láti òkè délẹ̀. Ó ní, “Ẹ kú ewu ọ̀nà o, ọ̀gá. Ṣé mọ́tò yín ló bàjẹ́ lọ́nà ni?” Mo ní, “Rárá o, ìyá wa, ó wù wá láti gùn ún ni.” Ó mi orí, ó fi àgbọn kan lé e fún wa, ó ní, “Ẹ máa mú sùúrù. Ọlọ́run á ṣe tiyín náà.” Àdúrà rere ni, a sì ṣe àmín.

Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Láyé àwọn bàbá wa, olùkọ́, akọ̀wé, ajíhìnrere àti àwọn tó ń ra kòkó ló ń gun kẹ̀kẹ́. Ẹni tó bá ra Raleigh tuntun, gbogbo àdúgbò ló ń bá a yọ̀, káńsù a sì máa gba owó láísẹ́ǹsì lórí rẹ̀. Lónìí, orúkọ náà gan-an ti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ènìyàn bá pe kẹ̀kẹ́ l'Ékòó, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta akérò ni wọ́n á rò pé ó ń wí, èyí tí wọ́n ń pè ní Kẹ̀kẹ́ Marwa nítorí Buba Marwa, ológun tó ṣe gómìnà Èkó láti 1996 sí 1999. Ohun tí orúkọ rẹ̀ bá ti bọ́, kì í pẹ́ tí ààyè rẹ̀ náà fi ń bọ́.

Àgbádárìgì ló yẹ kí ènìyàn sùn lálẹ́ ọjọ́ kìn-ín-ní. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, tí àwọn míṣọ́nnárì CMS kọ́ parí ní 1845, ṣì dúró níbẹ̀ ní etí ọ̀sà. Ní òdìkejì omi ni ilẹ̀ oníyanrìn tí wọ́n ń pè ní Gberefu wà. Ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n fi ń kó àwọn ẹrú kọjá sí ibẹ̀ nígbà kan, kí wọ́n tó fi ẹsẹ̀ rìn wọ́n dé etí òkun. Iyanrìn ọ̀nà yẹn kò gba táyà. Ńṣe ni kí ènìyàn sọ̀ kalẹ̀, kó máa ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀.

Ní ibodè Sèmè, ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ á rí ohun tí ẹni tó wà nínú mọ́tò kì í fara balẹ̀ rí: ilẹ̀ kò yí padà. Iyanrìn kan náà, igi àgbọn kan náà, èdè Ẹ̀gùn kan náà ló wà ní ìhà méjèèjì. Ohun tó yí padà ni owó, èdè ìjọba àti aṣọ àwọn agbófinró. Àdéhùn ECOWAS ti ọdún 1979 fún ọmọ ilẹ̀ wa láǹfààní láti wọlé láìgba físà, kó sì lò tó 90 ọjọ́. Kí ó ṣáà mú ìwé ìrìnnà tó péye àti káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú dání. Síbẹ̀, ẹ má gbàgbé pé láti oṣù kẹjọ ọdún 2019 títí di oṣù kejìlá ọdún 2020 ni Nàìjíríà fi ti àwọn ibodè orí ilẹ̀ pa fún ọjà. Àwọn ìyá wa tó ń fi ọ̀nà yìí ṣòwò mọ̀ ọ́n lára.

Ní oríta Sèmè-Kpodji, ọ̀nà kan yà sí àríwá lọ sí Porto-Novo, Àjàṣẹ́ tiwa, olú-ìlú Benin, níbi tí ènìyàn ti lè sọ Yorùbá láti àárọ̀ dalẹ́. Mọ́sálásí ńlá ibẹ̀, tí wọ́n kọ́ lọ́nà ti àwọn Àgùdà tó ti Brazil dé, jọ àwọn ilé àtijọ́ ní Pópó Àgùdà l'Ékòó. Orúkọ bíi da Silva àti de Souza tí a ń gbọ́ lẹ́bàá ọ̀sà yìí kò ní ṣàjèjì sí ẹni tó bá àwọn Potogí gbé ní Rosettenville.

Ìlú Kútọnu jókòó sáàárín òkun àti adágún Nokoué. Ní 1885 ni àwọn Faransé gbẹ́ ọ̀nà omi láti adágún náà já òkun, láti ìgbà náà ni afárá sì ti di dandan fún ẹni tó bá fẹ́ la ìlú náà já. Orí adágún yẹn ni Ganvié wà, ìlú tí wọ́n kọ́ sórí òpó nínú omi, níbi tí àwọn Tofinu sá sí nítorí àwọn ọmọ ogun Dahomey tó ń kó ènìyàn lẹ́rú. Àwọn ọlọ́kadà Kútọnu, tí wọ́n ń pè ní zémidjan, pọ̀ bí eṣú. Ṣùgbọ́n ní àwọn òpópónà ńlá kan níbẹ̀, wọ́n ya ẹ̀gbẹ́ títì sọ́tọ̀ fún ohun ẹlẹ́sẹ̀ méjì, ọkàn ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ sì balẹ̀. Ẹ ò rí i pé ohun tó ṣeé ṣe ni.

Láti Fidjrossè, ní ìpẹ̀kun Kútọnu, ni ọ̀nà àwọn apẹja, Route des Pêches, ti bẹ̀rẹ̀, tó tẹ̀ lé etí òkun lọ sí Ouidah ní nǹkan bí 40 kìlómítà. Ìjọba Benin ti ń da ọ̀dà sí i ní ìpele ìpele. Ọkùnrin, obìnrin àti ọmọdé á tò sídìí okùn gígùn kan, wọ́n á máa fi orin fa àwọ̀n jáde nínú òkun. Ẹ dúró wò wọ́n. Ẹ̀sọ̀ ni ìgbín fi ń gun igi.

Iyanrìn tí wọ́n dúró lé kì í dúró lójú kan. Ìgbì òkun ń gbé e láti ìwọ̀-oòrùn lọ sí ìlà-oòrùn lọ́dọọdún, láti ẹnu odò Volta ní Ghana títí dé Èkó. Nígbà tí wọ́n parí ìdídò Akosombo ní 1965, iyanrìn tí Volta ń kó wá dín kù. Wọ́n ṣí èbúté Kútọnu ní 1965, wọ́n ṣí ti Lomé ní 1968. Ògiri òkúta tí wọ́n nà sínú òkun fún àwọn èbúté náà dá iyanrìn dúró ní ìwọ̀-oòrùn, òkun sì ń jẹ ìlà-oòrùn. Ohun kan náà ló ṣẹlẹ̀ l'Ékòó lẹ́yìn tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ògiri sí ẹnu ọ̀sà ní 1908: òkun jẹ Bar Beach títí, kó tó di pé wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ Eko Atlantic ní 2009. Ní Togo, títì àtijọ́ láàárín Lomé àti Aného ti bọ́ sínú òkun láwọn ibì kan. Ẹni tó ń fi mọ́tò sáré á ti kọjá ilé tó wó sínú omi kó tó yí ojú. Ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ á kà wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ní Ouidah, ọ̀nà tí àwọn ẹrú rìn láti inú ìlú dé etí òkun tó nǹkan bí kìlómítà mẹ́rin, ó gba àárín àbàtà ọ̀sà kọjá, ó sì parí sí Ẹnu Ọ̀nà Àìpadàbọ̀ tí wọ́n kọ́ ní 1995. A sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀, a sì fi ẹsẹ̀ rìn ín. Kò sí ẹni tó sọ fún wa pé ká ṣe bẹ́ẹ̀.

Ìdáhùn wa sí ìbéèrè àkọ́kọ́ nìyí: ọ̀nà náà ṣe é gùn fún ẹni tó bá lè jí ní ìdájí, tó ní ìgboyà, tó sì ní iná lẹ́yìn kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Kò tíì ṣe é gùn fún ọmọ ilé ìwé tó ń lọ kàwé ní abúlé kejì. Ohun tó sì ń dùn wá nìyẹn, nítorí kò sí ilẹ̀ tó yẹ kẹ̀kẹ́ ológeere bí èyí.

Ní ọdún 2014 ni àwọn ààrẹ Côte d'Ivoire, Ghana, Togo, Benin àti Nàìjíríà fọwọ́ sí àdéhùn láti la ọ̀nà márosẹ̀ láti Abidjan dé Èkó, ọ̀nà ọlọ́nà mẹ́fà tó gùn tó 1,028 kìlómítà. Ìhà etí òkun wa yìí ni yóò gbà kọjá. Nígbà tí a bá ti da ọ̀dà tán, ó ti pẹ́ jù láti máa béèrè ààyè. Mítà méjì ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ìdènà tí tírélà kò lè gùn, ló tó. Ẹ jẹ́ kí a béèrè rẹ̀ nísinsìnyí, lọ́wọ́ àwọn tí a dìbò fún, kí ọmọ apẹja Fidjrossè àti ọmọ alágbọn Àgbádárìgì lè gba ojú ọ̀nà ilé wọn kọjá láìfi ẹ̀mí ta tẹ́tẹ́.