Ọ̀yọ́ Ń Kọ́ Olùkọ́ Àwọn Adití, Kíláàsì Tiwa Ńkọ́?



Bí àlejò bá bi wá pé kí ni wọ́n mọ Ọ̀yọ́ mọ̀, a ó ní ààfin Aláàfin, a ó ní igbá fínfín àti iṣẹ́ awọ. Ó ku ọ̀kan tí a kì í sábà dárúkọ. Ìlú wa ni wọ́n ti ń kọ́ àwọn tó máa di olùkọ́ fún ọmọ adití, ọmọ afọ́jú àti ọmọ tí kì í tètè gba ẹ̀kọ́. Federal College of Education Special ni mò ń wí, tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1977. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ Braille àti èdè tí adití ń fọwọ́ sọ.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn mí. Àbúrò mi obìnrin kì í gbọ́ràn. Òun ló ń bá Màámi ṣírò owó ọjà, kì í sì í ṣì í. Lọ́dún tó kọjá, Màámi mú un lọ gba fọ́ọ̀mù JSS 1 ní ilé-ìwé kan, mo tẹ̀ lé wọn. Wọn ò tiẹ̀ bi í ní ìbéèrè kan. Ọ̀gá tó wà níbẹ̀ kàn ní, "Màmá, ẹ mú un lọ síbi tí àwọn irú ẹ̀ wà." Màámi ní, "Ẹ ṣeun sà." Àbúrò mi ń fọwọ́ bi mí pé kí ni wọ́n wí. Mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́ fún un.

Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe òní ni adití ti ń kàwé. Ọmọ ọdún 11 ni Andrew Foster, aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà, nígbà tí àìsàn di etí rẹ̀. Ní 1954, òun ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gboyè ní Gallaudet, kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn adití. Ó dá ilé-ìwé adití sílẹ̀ ní Ghana ní 1957, ó tún dá òmíràn sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1960. Ẹni tí kò gbọ́ràn ló ṣe é o!

Òfin náà sì wà. Ní January 2019, Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí òfin tó ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ya ẹni tó ní ìpèníjà ara sọ́tọ̀, àti pé ọ̀fẹ́ ni ẹ̀kọ́ wọn títí wọ́n á fi jáde sẹ́kọ́ńdìrì. Ó fún àwọn ilé tí aráàlú ń lò ní ọdún márùn-ún láti ṣe ọ̀nà tí kẹ̀kẹ́ ẹni tí kò lè rìn máa gbà wọlé. Ọdún márùn-ún ti pé. Ẹ lọ wo àtẹ̀gùn laboratory wa.

Àwọn àgbà wa ń pe abuké, arọ àti àfín ní ẹni òrìṣà, wọ́n ní a ò gbọdọ̀ fi wọ́n ṣẹ̀sín. Ó dáa. Ṣùgbọ́n ọmọ tí a ò fi ṣẹ̀sín, tí a ò sì jẹ́ kó wọ kíláàsì, ṣé ó máa mọ̀wé?

Ẹ̀bẹ̀ mi ò pọ̀. Ẹ jẹ́ kí press club wa kọ̀wé sí kọ́lẹ́ẹ̀jì yẹn, kí wọ́n yá wa ẹnì kan tó máa kọ́ wa ní èdè ọwọ́, wákàtí kan lọ́sẹ̀. Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa fọwọ́ sí i. Lọ́jọ́ tí ọmọ adití bá gba géètì wa wọlé, ó kéré tán, ká mọ bí a ṣe ń kí i káàárọ̀.